Rírìn Létí Ọ̀gbun: Ìrìn Ẹlẹ́sẹ̀ Lórí Òkè Mésà ní Aṣálẹ̀ Utah

Orí òkè ni ìrìn ẹni tí ó ń gun òkè máa ń parí sí, lẹ́yìn tí àárẹ̀ ara ti kìlọ̀ fún un ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé kí ó rọra. Ṣùgbọ́n ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, irú òkè kan wà tí ọkọ̀ máa ń gbé ènìyàn dé orí rẹ̀, tí ìrìn ẹsẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí náà. Mésà ni wọ́n ń pe irú òkè bẹ́ẹ̀, ìyẹn òkè tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ògiri àpáta tí ó dúró ṣánṣán, tí ọ̀gbun sì yí i ká. Ẹni tí ó bá ń rìn lórí rẹ̀ kì í gun ohun tí ó ga, kì í sì í mí hẹlẹhẹlẹ. Ilẹ̀ títẹ́jú ni ó ń tẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń ríran dé ibi tí ó jìnnà ju èyí tí ẹsẹ̀ lè dé ní ọjọ́ mélòó kan. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó mú kí ìrìn náà máa béèrè ìmọ̀, nítorí pé ohun tí ó lè pa ènìyàn lórí mésà kì í kọ́kọ́ dun ara, ohun tí ènìyàn náà sì lè fi ẹsẹ̀ bà jẹ́ níbẹ̀ kò jọ ohun abẹ̀mí lójú ẹni tí wọn kò fi hàn.

Òkè tí àlàyé yìí dá lé lórí ni Island in the Sky, tí ó wà nínú Ọgbà Canyonlands ní ìpínlẹ̀ Utah, nǹkan bí máìlì 32 sí ìlú kékeré tí ń jẹ́ Moab. Canyonlands jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò kí ọdẹ, awakùsà àti akọ́lé má baà sọ ọ́ di tiwọn, tí gbogbo ènìyàn sì lè wọ̀ láti wò. Odò méjì ni ó gbẹ́ ilẹ̀ náà: odò Colorado gba ìhà ìlà-oòrùn òkè yìí, odò Green gba ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì pàdé ní gúúsù, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀gbun ni ó yí ilẹ̀ tí ó ṣẹ́kù láàárín wọn ká. Ibi kan ṣoṣo tí ọkọ̀ lè gbà láti ilẹ̀ àríwá bọ́ sórí òkè náà ni wọ́n ń pè ní The Neck, ìyẹn ọrùn, tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40, tàbí mítà 12, lọ. Láti etí mésà náà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,200 ni ènìyàn yóò sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó kan pèpéle àpáta funfun tí ó yí gbogbo òkè ká, èyí tí wọ́n ń pè ní White Rim, láti ibẹ̀ sì ni yóò tún sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,000 mìíràn kí ó tó kan odò.

Ó yẹ kí arìnrìn-àjò mọ ohun tí ó ń tẹ̀. Ìpele ìpele ni àpáta ibẹ̀ tò lé ara wọn, èyí tí ó dàgbà jù sì ni ó wà nísàlẹ̀. Òkúta iyanrìn ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn iyanrìn àtijọ́ tí ìwúwo ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí èròjà inú omi sì lẹ̀ pọ̀ títí ó fi di àpáta. Ògiri pupa gíga tí ó yí mésà ká ni ìpele Wingate, tí ó jẹ́ òkìtì iyanrìn tí atẹ́gùn kó jọ ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Lórí rẹ̀ ni Kayenta wà, èyí tí odò àtijọ́ kó jọ, tí ó sì le ju Wingate lọ. Lórí Kayenta ni Navajo wà, òkìtì iyanrìn atẹ́gùn mìíràn, tí ó ti jẹ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi tí kò sì kù ju gegele funfun kéékèèké lọ. Kayenta ni ó dáàbò bo Wingate kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́ lọ láti òkè. Ìsàlẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé Chinle àti Moenkopi tí ó wà lábẹ́ Wingate jẹ́ àpáta rírọ̀ tí òjò ń gbá lọ. Bí wọ́n bá ti ń lọ, ògiri tí ó wà lórí wọn yóò pàdánù ohun tí ó fara tì, yóò sì ya lulẹ̀ ní ègé ńláńlá. Ìdí nìyí tí etí mésà kì í fi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀, tí ó jẹ́ pé ṣánṣán ni ó máa ń parí. Ìdí kan náà sì ni ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá dúró létí rẹ̀ fi sọ́kàn pé àpáta tí ó dà bí ilẹ̀ líle lábẹ́ ẹsẹ̀ òun lè má ní ohunkóhun nísàlẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè yìí gẹ́gẹ́ bí ibi ìrìn ìgbafẹ́. Àwọn darandaran ni wọ́n ti rí ìwúlò The Neck tipẹ́, nítorí pé ọgbà kúkurú kan tí wọ́n bá ṣe sí ọrùn náà ti tó láti há màlúù mọ́ orí gbogbo òkè. Ní àwọn ọdún 1950 ni àwọn awakùsà dé, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń wá uranium, kùsà tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, wọ́n sì la ọ̀nà ọkọ̀ gba orí White Rim nítorí ìrètí pé kùsà náà wà nínú ìpele Chinle. Kùsà tí wọ́n rí kò tó nǹkan, ọ̀nà náà ni ó kù tí àwọn olùbẹ̀wò ń gbà títí di òní. Ní ọdún 1961, Floyd Dominy, ọ̀gá àjọ tí ń bá ìjọba àpapọ̀ kọ́ dáàmù, fi ọkọ̀ òfuurufú gbé Stewart Udall, mínísítà tí ilẹ̀ ìjọba wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, kọjá lórí agbègbè náà kí ó lè fi ibi tí ó fẹ́ kọ́ dáàmù sí nítòsí ìpàdé odò méjèèjì hàn án; Udall wo ilẹ̀, ó sì pinnu pé ọgbà ni ó yẹ kí ó jẹ́. Bates Wilson, alábòójútó ọgbà Arches tí ó wà nítòsí, ti ń polongo ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú, ó sì ń mú àwọn aláṣẹ wọ inú àfonífojì náà kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon B. Johnson fọwọ́ sí òfin tí ó dá Canyonlands sílẹ̀, wọ́n sì tún fẹ ààlà rẹ̀ ní ọdún 1971. Dáàmù tí wọn kò kọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí omi bo àfonífojì tí arìnrìn-àjò ń wò láti orí mésà lónìí, ìpinnu náà sì yẹ ní yíyìn.

Ipa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà lórí òkè náà pọ̀ díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì gùn. Èyí tí ó lọ sí Mesa Arch, ìyẹn àpáta tí ó tẹ̀ kọdọrọ létí ọ̀gbun gan-an tí ihò ńlá sì wà lábẹ́ rẹ̀, kò tó máìlì kan ní àlọ àti àbọ̀. Èyí tí ó lọ sí White Rim Overlook jẹ́ nǹkan bí máìlì 1.8; Grand View Point, tí ó gba etí mésà lọ títí dé ìpẹ̀kun rẹ̀ ní gúúsù, kò ju máìlì méjì lọ ní àlọ àti àbọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú débi pé ọmọdé lè rìn ín. Neck Spring nìkan ni ó gùn díẹ̀ nínú àwọn tí kò jìnnà sí etí òkè, ó jẹ́ nǹkan bí máìlì 5.8, ó sì yí ká dé ibi tí àwọn darandaran ti ń fún màlúù lómi, níbi tí ọpọ́n omi wọn àtijọ́ ṣì wà. Kíkúrú ipa ọ̀nà wọ̀nyí ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ pé máìlì méjì péré ni òun fẹ́ rìn kì í rí ìdí tí yóò fi gbé omi dání.

Ọ̀rọ̀ omi sì ni ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìmúra. Òjò tí ń rọ̀ sí agbègbè náà kò tó íńṣì 10, ìyẹn nǹkan bí mílímítà 250, láàárín ọdún kan, kò sì sí omi kankan lójú ipa ọ̀nà orí mésà tí ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ilé ìgbàlejò tí ó wà nítòsí The Neck ni ó ní ẹ̀rọ omi. Ẹni tí ó bá ti kọjá ibẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù kò ní rí ilé ìtajà, ilé oúnjẹ tàbí ilé epo mọ́. Ìwọ̀n tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà máa ń sọ fún olùbẹ̀wò ni gálọ́ọ̀nù kan, nǹkan bí lítà mẹ́rin, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ó lè dà bí àsọdùn létí ẹni tí ó ti ilẹ̀ olóoru tí ó kún fún ọ̀rinrin wá, nítorí pé níbẹ̀ òógùn a máa ṣàn lójú, a sì máa rin aṣọ, ara yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ fún olúwa rẹ̀ pé omi ń jáde. Orí mésà kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ bíi ti ọyẹ́ tí ń la ètè ènìyàn ní oṣù Kíní, ibẹ̀ sì ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí ojú òkun, nítorí náà òógùn ń fò lọ bí ó ti ń jáde, aṣọ kì í tutù, ọwọ́ kì í sì í rí ohun tí yóò nù lójú. Ènìyàn lè ti pàdánù omi púpọ̀ kí òùngbẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ rárá.

Nígbà tí omi bá dín lára, ẹ̀jẹ̀ yóò dínkù, ọkàn yóò máa lù kíkankíkan láti fi ìwọ̀nba tí ó kù tu ara lára, òógùn fúnra rẹ̀ yóò sì dínkù, tí ooru inú ara yóò fi máa ga sí i. Orí fífọ́ àti inú ríru ni ó máa ń kọ́kọ́ hàn. Lẹ́yìn náà ni ọkàn ènìyàn yóò dàrú, tí kò ní mọ ọ̀nà yàtọ̀ mọ́, èyí tí ó burú jù nítorí pé làákàyè tí ó yẹ kí ó fi gba ara rẹ̀ là ni ó lọ. Nítorí náà, àwọn tí ó mọ aṣálẹ̀ kì í dúró de òùngbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mu omi láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ohun tí ó ní iyọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé òógùn ń kó iyọ̀ jáde lára, omi nìkan láìsí oúnjẹ sì lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ìdajì omi bá ti tán, ìrìn àlọ ti parí, ibi yòówù kí ènìyàn dé. Ó ṣòro láti pa ìlànà yìí mọ́ nígbà tí ibi tí ènìyàn ń lọ bá ti hàn lọ́ọ̀ọ́kán, àmọ́ kò sí ìlànà mìíràn lórí mésà tí ó ṣe pàtàkì tó o.

Àsìkò náà ní tirẹ̀. Oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, àti láti àárín oṣù Kẹsàn-án títí dé ìparí oṣù Kẹwàá, ni ó dára jù fún ìrìn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ náà, ooru a máa kọjá ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà òtútù sì ni yìnyín máa ń bo àpáta tí yóò sì máa yọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo lè gbóná lọ́sàn-án kí ó sì tutù wọnú egungun lálẹ́, nítorí pé kò sí ìkùukùu tàbí ọ̀rinrin tí yóò dá ooru dúró. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó yẹ láti rìn, pẹ̀lú akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ gbòòrò, aṣọ alápá gígùn tí kò wúwo, àti bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń di àpáta mú. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, òjò òjijì pẹ̀lú àrá a máa ṣú lọ́sàn-án, orí mésà kò sì ní ohun tí ó ga ju ènìyàn lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àrá ní òkèèrè, kí ó kúrò létí ọ̀gbun, kí ó má ṣe sá sábẹ́ igi tí ó dá dúró, kí ó sì padà sínú ọkọ̀.

Lójú ọ̀nà gan-an, ohun tí yóò kọ́kọ́ ya àlejò lẹ́nu ni pé ọ̀nà náà a máa pòórá. Níbi tí erùpẹ̀ bá wà, ipasẹ̀ àwọn tí ó ti kọjá hàn kedere. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà bá gun orí àpáta ìhòòhò, àpáta náà kì í gba ipasẹ̀, gbogbo ìhà a sì jọra. Òkìtì òkúta kéékèèké tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà tò ni ó ń tọ́ka ọ̀nà níbẹ̀, òkúta bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ara wọn, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọ̀nà tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá ọ̀kan yẹ kí ó lè rí èyí tí ó kàn. Bí kò bá rí i, ìlànà ni pé kí ó dúró, kí ó yíjú wo ẹ̀yìn, kí ó padà sí èyí tí ó rí kẹ́yìn, kí ó sì tún ojú ọ̀nà wá láti ibẹ̀. Kí ó má ṣe tẹ̀ síwájú lórí ìfojúdá. Nítorí iṣẹ́ tí òkìtì wọ̀nyí ń ṣe, ìwà burúkú ni kí olùbẹ̀wò máa to tirẹ̀ fún ẹwà tàbí fún àwòrán, nítorí pé òkìtì irọ́ kan péré lè mú àjèjì tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ sí etí ọ̀gbun.

Ohun tí ó nílò ìṣọ́ra jù lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ni èépá ilẹ̀ abẹ̀mí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, láàárín igi juniper àti àwọn igbó kúkurú, ilẹ̀ a máa dúdú, a sì máa rí gbágungbàgun, pẹ̀lú àwọn ṣóńṣó kéékèèké tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé erùpẹ̀ tí iná jó ni. Ohun alààyè ni. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria, irú èyí tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn irúgbìn wínníwínní bíi ti ara ògiri ọlọ́rinrin. Nígbà tí òjò bá rin ilẹ̀, bakitéríà yìí a máa rìn láàárín ẹyọ iyanrìn, a sì máa fi okùn tín-ín-rín tí ó ń lẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó bá gbà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, okùn náà yóò kù, yóò sì di àwọn ẹyọ iyanrìn mọ́ ara wọn. Báyìí ni iyanrìn lásán ṣe ń di ilẹ̀ tí atẹ́gùn kò lè gbé, tí omi lè dúró sí díẹ̀, tí èròjà náítírójìn tí ewéko nílò sì ń wọ inú rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Gbogbo ohun tí ó hù lórí mésà ni ó jẹ èépá yìí ní gbèsè.

Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, èépá náà a máa rún bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìṣísẹ̀ kan péré sì ti tó. Ibi tí ó rún náà yóò ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, atẹ́gùn yóò gbé iyanrìn rẹ̀ lọ bo èépá tí kò tíì bàjẹ́ nítòsí, èyí tí kò ní rí ìmọ́lẹ̀ mọ́ tí yóò sì kú, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ẹsẹ̀ kan bà jẹ́ yóò ṣe máa fẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún ni èépá tí ó ti dàgbà máa ń lò kí ó tó padà bọ̀ sípò. Eruku ilẹ̀ tí wọ́n ti dà rú ní aṣálẹ̀ yìí tún ń rìn jìnnà: atẹ́gùn a máa gbé e lọ sórí yìnyín tí ó bo àwọn òkè ìpínlẹ̀ Colorado ní ìhà ìlà-oòrùn, yìnyín tí eruku bá sì ti sọ di dúdú a máa tètè yọ́, tí omi odò tí àwọn àgbẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé yóò fi ṣàn kọjá ṣáájú àsìkò. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí arìnrìn-àjò dúró lórí ipa ọ̀nà, tàbí kí ó gba orí àpáta ìhòòhò tàbí ojú àgbàrá gbígbẹ, níbi tí omi ti ń ṣàn tí èépá kò sì lè dàgbà. Bí ẹni méjì bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró, kí ọ̀kan dúró sórí òkúta kí èkejì kọjá. Yíyà sínú igbó láti fún ẹlòmíràn lọ́nà, tí ó jẹ́ ìwà ọmọlúàbí níbòmíràn, ìpalára ni níbẹ̀.

Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ tọ́ sí kòtò inú àpáta pẹ̀lú. Kòtò wọ̀nyí, tí àwọn kan kò tóbi ju àwokòtò lọ, ni omi òjò máa ń dúró sí fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, edé kéékèèké sì ń gbé inú wọn, tí wọ́n ń dàgbà kíákíá, tí wọ́n ń yé ẹyin sínú ẹrẹ̀, kí omi tó gbẹ. Ẹyin náà lè wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí òjò mìíràn yóò fi dé. Òróró ara ènìyàn àti ìpara tí wọ́n fi ń dènà oòrùn ti tó láti ba omi kékeré bẹ́ẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ ọwọ́ nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n máa tẹ kòtò tí ó gbẹ pàápàá. Igi juniper tí ó wà nítòsí náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: bí ọ̀dá bá mú, a máa dá omi dúró lọ́nà ẹ̀ka kan tàbí méjì, a sì jẹ́ kí wọ́n kú kí èyí tí ó kù lè yè, èyí ni ó fà á tí igi kan náà fi lè ní ẹ̀ka gbígbẹ funfun àti ẹ̀ka tútù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ náà. Ẹyẹ kannakánná dúdú ńláńlá, alángbá aláwọ̀ mèremère, àti àgùntàn orí òkè, tí àgbò rẹ̀ ní ìwo ńlá tí ó ká, ni ènìyàn tún lè rí. Ejò olóró tí ń mi ìrù pariwo wà pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki ọwọ́ sínú ihò tí ojú rẹ̀ kò rí.

Grand View Point ni ó fi ohun tí mésà jẹ́ hàn jù lọ. Ọ̀nà náà gba orí àpáta Kayenta lẹ́bàá etí ọ̀gbun, ó ń súnmọ́ ọn, ó ń jìnnà sí i, kò sì sí ọgbà tàbí irin kankan tí ó dá ẹlẹ́sẹ̀ dúró lẹ́yìn ibi ìwòran àkọ́kọ́. Nísàlẹ̀, pèpéle White Rim tẹ́ lọ, ọ̀nà ọkọ̀ àwọn awakùsà sì hàn lórí rẹ̀ ní ìlà tín-ín-rín. Ibi tí pèpéle náà ti ya ni Monument Basin, kòtò ńlá tí òpó àpáta pupa dúró sí, tí òmíràn nínú wọn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 300. Àpáta rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní Organ Rock ni òpó wọ̀nyí, ohun tí kò sì jẹ́ kí òjò tíì wó wọn ni ègé White Rim funfun tí ó ṣẹ́kù sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti mọ bí Kayenta ṣe ń dáàbò bo Wingate yóò mọ̀ pé ohun kan náà ni ó ń wò, pé iṣẹ́ tí ó gbẹ́ òpó yẹn ni ó ń gbẹ́ òkè tí òun dúró lé. Ní ìpẹ̀kun ọ̀nà, mésà parí, ọ̀gbun sì wà ní ọ̀tún, ní òsì àti níwájú.

Mesa Arch ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń súré lọ ní òwúrọ̀, nítorí pé bí oòrùn bá yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa ta padà láti ara ògiri tí ó wà nísàlẹ̀, a sì máa mú kí abẹ́ àpáta náà pọ́n bí ẹ̀yinná. Ẹwà rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn, síbẹ̀ èrò a máa pọ̀ níbẹ̀ ní wákàtí náà, ẹni tí kò bá wá nítorí fọ́tò yóò gbádùn ibẹ̀ jù bí ó bá lọ ní ìrọ̀lẹ́. Gígun orí rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀.

Àwọn ènìyàn ti gbé agbègbè náà tipẹ́ kí màlúù àti awakùsà tó dé. Lórí Aztec Butte, gegele àpáta kan lórí mésà náà, àká kéékèèké tí wọ́n fi òkúta àti amọ̀ mọ ṣì wà lábẹ́ ìbòòji àpáta, èyí tí àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn Pueblo kọ́ ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn láti fi tọ́jú àgbàdo. Àwọn Aztec tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ kò gbé ibẹ̀ rí. Ìran àwọn tí ó kọ́ àká náà, bíi Hopi àti Zuni, ṣì wà láyé, wọ́n sì ka ibẹ̀ sí ilé baba wọn. Olùbẹ̀wò lè wo àká, kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ tàbí fara ti ògiri rẹ̀. Bí ó bá sì rí àpáàdì nílẹ̀, kí ó fi í síbi tí ó wà, nítorí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1979 ka mímú un lọ sí ẹ̀ṣẹ̀, bí ibi tí ó wà bá sì ti yí padà, ìtàn tí ó lè sọ fún onímọ̀ ti dàrú.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ìrìn orí mésà àti ìrìn tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti etí rẹ̀, àìmọ ìyàtọ̀ yìí sì ti ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jọ́ jẹ́. Ọ̀nà Syncline, tí ó yí kòtò ńlá tí wọ́n ń pè ní Upheaval Dome ká, lé ní máìlì mẹ́jọ, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,300 kí ó tó tún gòkè padà. Lójú ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú ìdóòlà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ń ṣe ti ń wáyé. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń wá, nígbà tí agbára ṣì wà tí oòrùn kò sì tíì mú. Ìgòkè ni ó máa ń kù sí ọ̀sán gangan, nígbà tí omi ti dínkù. Ní oṣù Keje ọdún 2024, bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ṣìnà lójú ọ̀nà yìí nínú ooru tí ó ju ìwọ̀n 38 lọ, omi wọn tán, wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ pé kí wọ́n gba àwọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wá wọn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fóònù kì í sábà mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀pọ̀ ibi lórí mésà náà àti nínú ọ̀gbun rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rìn níbẹ̀ sọ fún ẹnì kan ní Moab, tàbí fún ará ilé rẹ̀, orúkọ ipa ọ̀nà tí ó ń lọ àti wákàtí tí ó retí láti padà, kí ó wo máàpù pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìgbàlejò, kí ó sì pọn omi rẹ̀ kún níbẹ̀ kí ó tó tẹ̀ síwájú.